Ta Ló Ń Sùn Lẹ́yìn Broad Street?

Aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, torí àsìkò yẹn ló kọ́ mi lówò. Tẹ́ ẹ bá dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù mi nígbà yẹn, ní àdúgbò kékeré tó wà láàárín Broad Street àti Campos, ẹ máa rí èrò tó ń lọ bí ìgbà tí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá bá tú, gbogbo wọn kọjú sí Marina, àwọn kan ń sáré lọ wọ tréènì, àwọn kan ń lọ tò sórí ìlà BRT ní CMS, àwọn tó kù ń wá dáńfó tó ń lọ Ọbáléńdé. Tó bá fi máa lu aago mẹ́jọ, títì ti dá. Àwọn sikiọ́rítì báǹkì á ti gbé àga síta, wọ́n á tan rédíò, ológbò á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láàárín títì bíi lánlọ́ọ̀dù. Ọdún méjì gbáko tí mo kọ́kọ́ fi ta oúnjẹ níbí, aago márùn-ún ààbọ̀ ni mò ń ti ilẹ̀kùn, mo sì rò pé ọjọ́ ti parí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́yìn díẹ̀.

Nílé wa ní Agége, tẹ́nì kan bá ní òun ń lọ Èkó, kò sẹ́ni tó máa bi í pé ṣebí Agége náà Èkó ni. A mọ̀ pé ó fẹ́ kọjá afárá ni. Èkó ni CMS, Èkó ni Ìdúmọ̀tà, Bálógun, Marina, ibi tí wọ́n ti ń ra aṣọ ọdún, ibi tí ilé gogoro wà. Màmá mi ta àmàlà níbẹ̀ láti 1984, bùkà onípákó lẹ́yìn Broad Street, bẹ́ǹṣì mẹ́rin, ìkòkò ńlá mẹ́ta, wọ́n sì máa ń sọ ọ́ fún wa pé àwọn mánéjà báǹkì á ju táì sẹ́yìn èjìká kí gbẹ̀gìrì má baà ta sí i. Ní December 1991 tí ìjọba àpapọ̀ kó lọ Àbújá, wọ́n ní àwọn ò kọ́kọ́ rí i lára, torí òṣìṣẹ́ ìjọba kì í ra ẹran méjì. Àwọn báǹkì ló dùn wọ́n. Ọ̀kan kó hẹ́ẹ̀dì ọ́fíìsì lọ Victoria Island (VI), òmíì tẹ̀ lé e, ó sì di pé tẹ́ ẹ bá gbójú sókè ní Marina ẹ máa rí ilé tí gíláàsì ẹ̀ ti fọ́, tí ẹyẹ ń wọlé tó ń jáde. Ilé NET tó ga ju gbogbo wọn lọ, àjà 32, iná ti jó o láti 1983 kí gbogbo èyí tó ṣẹlẹ̀. Tó bá di alẹ́, òkùnkùn biribiri, ẹni tó mówó dání ò jẹ́ gba ibẹ̀ kọjá. Lọ́dún 1999 màmá mi kó ìkòkò wọn wálé. Wọ́n ní Èkó ti kú.

Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Freedom Park ló gbé mi padà. Ọ̀rẹ́ mi kan ló mú mi lọ gbọ́ orin níbẹ̀ lálẹ́ Fúráìdé kan ní 2012. Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀, ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn òyìnbó amúnisìn, ibi tí wọ́n ti Herbert Macaulay mọ́, tí wọ́n sì wá ti Awólọ́wọ̀ mọ́ lẹ́yìn òmìnira. Wọ́n wó o, ilẹ̀ ibẹ̀ di ààtàn, kí Theo Lawson tó ń ya àwòrán ilé tó sọ ọ́ di ọgbà ìgbafẹ́, wọ́n sì ṣí i ní 2010 nígbà tí Nàìjíríà pé àádọ́ta ọdún. Ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún èèyàn ni wọ́n gbé pèpéle eré sí. Ibi tí yàrá ẹ̀wọ̀n wà ti di ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta bíà àti ẹja yíyan. Mo jókòó síbẹ̀, orin ń lọ, ara mi ò kọ́kọ́ balẹ̀, àmọ́ nígbà tó yá ohun tí mò ń wò ni èrò. Èrò pọ̀! Alẹ́ Fúráìdé, ní Èkó tí wọ́n ní ó ti kú, àwọn ọ̀dọ́ wọ aṣọ tó dáa, wọ́n ń náwó. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mi ò rí ẹni tó ń ta àmàlà.

Nígbà tí mo sọ fún màmá mi, wọ́n wò mí títí.

"Ibi tí mo ti sá kúrò, ibẹ̀ lo fẹ́ lọ fi owó ẹ sí?"

"Màmi, Èkó ti ń padà bọ̀ sípò o."

"Ta ló sọ fún ẹ? Àwọn olórin?"

Ṣùgbọ́n àwọn náà ló ní kí n wá gbé ìkòkò méjì tó tóbi jù, wọ́n ní kí n má ra tuntun, àlúmíníọ́ọ̀mù ayé ìsinsìnyí ò nípọn.

Mo rí ṣọ́ọ̀bù kan nísàlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́, ọ̀kan lára àwọn ilé tí àwọn Àgùdà kọ́, àwọn bàbá ńlá wọn tí wọ́n ti oko ẹrú dé láti Brazil. Fèrèsé ẹ̀ rí rogodo lókè, irin báńkónì ẹ̀ dà bíi léèsì. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba náírà lọ́dún nígbà náà, èjẹ́ńtì gba tiẹ̀, lọ́yà gba tiẹ̀, àwọn ọmọ àdúgbò náà gba tiwọn. Ẹ má bi mí pé fún kí ni. Ní Èkó tó o bá po sìmẹ́ńtì o máa sanwó, tó o bá kun ògiri o máa sanwó, tó o bá já ọjà sílẹ̀ láti inú mọ́tò, ẹnì kan máa yọ lẹ́yìn pákó, á ní "Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ rántí wa." Mo kọ́kọ́ ń bínú. Nígbà tó yá mo rí i pé àwọn kan náà ló ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù mi lóru, mo sì jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sán Mọ́ńdè sí Tọ́sìdè, owó ni. Kóòtù Igbóṣẹ̀rẹ́ ò jìnnà sí mi, àwọn lọ́yà á ya wọlé pẹ̀lú kọ́là funfun lọ́rùn, wọ́n á ní kí n tètè dá wọn lóhùn, àwọ́n fẹ́ padà sẹ́nu ẹjọ́. Àwọn ará báǹkì tó ṣẹ́ kù ní Broad Street á rán ọmọ wá pẹ̀lú ìwé tí wọ́n kọ orúkọ mẹ́wàá sí, àmàlà mẹ́rin, ìrẹsì mẹ́ta, ẹ̀bà mẹ́ta, má fi pọ̀nmọ́ sí ti ọ̀gá o. Láàárín aago méjìlá sí méjì ọ̀sán, mi ò ní ráyè nu òógùn. Tó bá di Fúráìdé, ìdajì wọn ti sá nílé kó tó di aago mẹ́ta. Sátidé, kò sí. Sọ́ńdè, kò sí rárá. Họ́lídè ìjọba, ẹ gbàgbé ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ààbọ̀ ni mò ń tajà lọ́sẹ̀, ọjọ́ méje ni mò ń san réǹtì. Mo máa ń jókòó ṣírò ẹ̀ lórí fóònù, owó ń wọlé dáadáa, síbẹ̀ tí oṣù bá parí mi ò mọ ibi tó gbà jáde. Àwọn kọ́sítọ́mà ọ̀sán yẹn, wọ́n mọ ọbẹ̀ mi, wọn ò mọ̀ mí. Ọdún méjì ni lọ́yà kan fi jẹun níbi mi tó ṣì ń pè mí ní "Madam Alámàlà", tí mo bá pàdé ẹ̀ ní Marina á gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá bíi pé òpó iná ni mí.

Ní 2014, hòlúdù afárá sú mi. Ẹni tó bá ń ti Agége wá Èkó lójoojúmọ́ tó fẹ́ gbéná lé ìkòkò ní aago mẹ́fà àárọ̀, aago mẹ́rin ló gbọ́dọ̀ ti wà lójú títì, ara èèyàn kì í ṣe irin. Bàbá onílé ní yàrá kan ṣófo lókè. Bí mo ṣe di ẹni tó ń sùn ní Èkó nìyẹn.

Ojú mi là, ẹ gbọ́. Ìlú tí mo rò pé ó ń ṣófo ní aago mẹ́fà, kò ṣófo rárá, ẹ̀yìn ọ́fíìsì ni mi ò dé rí. Ẹ yà kúrò ní títì ńlá, ẹ wọ inú àdúgbò, ẹ máa bá àwọn ọmọdé tó ń gbá bọ́ọ̀lù lábẹ́ iná, ìyá tó ń ṣa ẹ̀wà, bàbá mẹ́ta tó ń ta ayò, ẹnì kan tó ń bú ẹnì kejì láti báńkónì dé báńkónì, aago kàtídírà Holy Cross ń dún, mọ́ṣáláṣí ń pe ìrun. Àwọn yìí ò lọ VI, wọn ò lọ Àbújá. Wọ́n ti wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ní Èkó ti kú, wọ́n wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ní ó jí. Kò sẹ́ni tó kà wọ́n.

Lókè, yàrá tó kọjú sí tèmi, ìyá àgbà kan ń gbé ibẹ̀, a máa ń pè wọ́n ní Màmá Òkè. Yàrá yẹn ni wọ́n bí wọn sí. Wọ́n jẹ́ ọmọ Àgùdà pọ́ńbélé, wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́ àmọ́ etí wọn, hà! Tí mo bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí pákó pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wọ́n máa mọ̀ bóyá inú mi dùn. Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo débẹ̀, wọ́n pè mí.

"Ìyàwó, o máa ń tilẹ̀kùn ní aago márùn-ún ààbọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni mà, àwọn kọ́sítọ́mà ti lọ sílé nígbà yẹn."

"Àwa tá a wà nílé ńkọ́? Àbí àwa ò lẹ́nu ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Wọn ò rẹ́rìn-ín.

Alẹ́ ọjọ́ kejì mo ṣí títí di aago mẹ́sàn-án. Mo se ohun tí mo máa ń sè lọ́sàn-án, ó kù lọ́wọ́ mi. Ó ya mí lẹ́nu, àfìgbà tí mo bi wọ́n pé kí ni mo ṣe tí kò dáa. Wọ́n ní ta ló ń jẹ àmàlà ńlá ní aago mẹ́jọ alẹ́, ẹni tó ní ìdáná nílé ò wá ra oúnjẹ pátá, ọbẹ̀ ló ń wá. Ni mo bá yí i padà. Lálẹ́ mò ń ta ọbẹ̀ lásán, wọ́n á gbé abọ́ tiwọn wá, ẹ̀fọ́ ẹgbẹ̀ta náírà, ọbẹ̀ ata ẹgbẹ̀rin, ẹni tó fẹ́ fi jẹ ẹ̀bà lọ fi jẹ ẹ̀bà. Mò ń ta ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín. Ní àárọ̀ Sátidé mò ń ta àkàrà, òórùn ẹ̀ á gòkè, gbogbo ilé á jí. Kó tó di oṣù kẹfà, owó alẹ́ àti ti wíkẹ́ẹ̀ǹdì ti fẹ́ẹ̀ bá ti ọ̀sán dọ́gba, kò sì sí hùrùhùrù nínú ẹ̀. Mo ra ìwé gbèsè kan, èyí tó ní ẹ̀yìn líle. Òun ló wà lọ́wọ́ mi títí di bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, ó ti di ẹ̀kẹrin.

Gbígbé ibẹ̀ náà ní tiẹ̀ o, mi ò ní tàn yín. Omi, mẹ́ruwà ló ń gbé e fún wa nínú kẹ́ẹ̀gì, lọ́dún wo, ní ìlú tí omi yí ká! Nǹkan yìí sì ti pẹ́. Ní Kakawa tí kò jìnnà sí wa, ilé kan wà tí wọ́n ń pè ní Ilé Omi, ti ìdílé da Rocha, ará Iléṣà tó ti oko ẹrú Brazil dé ló ni ín, wọ́n gbẹ́ kànga síbẹ̀, wọ́n ń ta omi fáwọn ará Èkó láti ayé Fictóríà. Gbogbo ìgbà tí mo bá ń sanwó kẹ́ẹ̀gì ni mo máa ń rántí wọn, mo máa ń ní, ẹ ti rí owó tipẹ́. Àríyá náà wà, wọ́n á dí títì pa láti àárọ̀ Sátidé, ẹni tí mọ́tò ẹ̀ bá wà nínú kó bá wọn jó. Àgbàrá wà lásìkò òjò. Ṣùgbọ́n ẹ wá bá mi ní Sọ́ńdè àárọ̀ kan lóṣù kìíní, kí ọyẹ́ máa fẹ́, kẹ́ ẹ rìn láàárín Broad Street gan-an láti Tinúbú títí dé King's College, kò sí mọ́tò kankan, ẹ máa gbọ́ bàtà ara yín. Mi ò mọ ibòmíràn ní gbogbo ìpínlẹ̀ Èkó tí wọ́n ti lè fún yín nírú ẹ̀.

Àti ọjọ́ Ẹ̀yọ̀. Ti May 20, 2017, Sátidé ni, nígbà tí ìpínlẹ̀ Èkó ń ṣe àádọ́ta ọdún. Èmi ọmọ Agége, mi ò mọ nǹkan kan, mo ti ní kí àwọn ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ wá ní àárọ̀. Màmá Òkè ló kìlọ̀ fún mi: kò sí bàtà lẹ́sẹ̀, kò sí agboòrùn, kò sí sìgá, kò sí ọ̀kadà, ẹni tó bá di ṣùkú kó lọ tú u. Ọ̀kan lára àwọn ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ di ṣùkú tuntun lánàá ọjọ́ náà, ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀, ó ń sunkún tó ń tú irun. Gbogbo wa wà láìwọ bàtà, a ń gbé oúnjẹ, Ẹ̀yọ̀ funfun ń kọjá pẹ̀lú ọ̀pá, ọ́fíìsì gbogbo ti tì pa. Ọjọ́ tí àwọn ọ́fíìsì tì pa yẹn ni mo tà jù láti ìgbà tí mo ti ṣí. Mo jókòó lálẹ́, ẹsẹ̀ mi dúdú bíi kólítà, mò ń ka owó, mo wá ń bi ara mi léèrè pé àwọn wo ni mo ń pè ní kọ́sítọ́mà gan-an.

Mo rí ìdáhùn ẹ̀ ní 2020. Alẹ́ March 30 ni kónílé-gbélé bẹ̀rẹ̀, Marina dá bí ibojì. Àwọn ará báǹkì ń ṣiṣẹ́ láti ilé, nígbà tó sì parí, púpọ̀ nínú wọn ò padà wá lójoojúmọ́ mọ́, ó di ọjọ́ méjì mẹ́ta lọ́sẹ̀. Mo ní ó dáa, àwọn lọ́yà ṣì wà. Ní October 21 ọdún yẹn kan náà, ọjọ́ kejì ìbọn Lẹ́kí, wọ́n dáná sun kóòtù Igbóṣẹ̀rẹ́. Èéfín ẹ̀ wọ inú yàrá wa. A ti ilẹ̀kùn, àwa àti Màmá Òkè àti àwọn ọmọ ilé, a dùbúlẹ̀ sílẹ̀ pẹpẹ, a ń gbọ́ ariwo níta. Lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n kó ẹjọ́ lọ sáwọn kóòtù míì, àwọn lọ́yà bá ẹjọ́ lọ. Ọ̀sán mi parí bẹ́ẹ̀. Tí kì í bá ṣe àwọn tó ń gbé abọ́ sọ̀kalẹ̀ ní aago méje, mi ò ní sí níbí láti máa kọ ìwé sí yín.

Àwọn ará àdúgbò yìí náà ló tún gbà mí ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 tí owó náírà wọ́n bí ojú. Tránsífà ń kú sójú ọ̀nà, POS ń gba kọ́míṣọ̀n bíi pé ó ń gba ẹ̀jẹ̀. Mo ń kọ orúkọ sínú ìwé gbèsè, ilé yìí, ilé yẹn, Alhaja tẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí, bàbá tó ń tún bàtà ṣe. Nígbà tí owó jáde lóṣù kẹrin, wọ́n wá ń san án lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹlòmíì ń rán mi létí ohun tí èmi fúnra mi ò kọ. Ẹni méjì péré ni kò san, ọ̀kan nínú wọn ti kú.

Ọdún 2023 yẹn náà ni gbogbo ayé wá ń sọ pé Èkó ti jí. Oṣù kìíní, Ààrẹ Buhari wá ṣí tréènì Blue Line ní Marina, ó ṣí ilé àṣà Yorùbá tí wọ́n fi orúkọ Dókítà John Randle pè ní Oníkán, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìwẹ̀ tí dókítà yẹn kọ́ fáwọn ọmọ Èkó láti 1928. September 4, èrò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ tréènì, Máìlì Túù sí Marina, kìlómítà 13, ibùdókọ̀ márùn-ún, o ti dé kó o tó parí ọ̀rọ̀ lórí fóònù. Èmi náà lọ wọ̀ ọ́, mi ò níbi tí mò ń lọ, mo kàn fẹ́ rí ọ̀sà láti òkè ni. Mo fẹ́ràn ẹ̀, mi ò ní purọ́. Ọmọbìnrin tó ń bá mi se ọbẹ̀ báyìí, Agége ló ń gbé, ó ń wọ Red Line dé Ọ̀yìngbò kó tó wọ bọ́ọ̀sì kọjá, ó ń sùn ju bí èmi ṣe ń sùn lọ nígbà tèmi.

Àwọn ẹni tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Àwọn tó ń ya fọ́tò. Àwọn ọmọ oníkọ̀ǹpútà tó gba ọ́fíìsì kékeré lókè. Àwọn tí wọ́n ń mú rìn kiri wo ilé àtijọ́, wọ́n á dúró níwájú ilé wa, ẹni tó ń mú wọn kiri á nawọ́ sí báńkónì, á sọ nípa Brazil, wọ́n á ya Màmá Òkè ní fọ́tò láìbéèrè, màmá á kàn máa wo ibi tí ohùn ti ń wá. Wọ́n á wọlé wá jẹ àmàlà, wọ́n á ní ó dùn. Mo ń rówó lára wọn, kí n sọ òótọ́. Tí wọ́n bá kúrò níbí wọ́n á lọ sí Tinúbú, wọ́n á máa fi ilẹ̀ òfìfo hàn wọ́n. Ibẹ̀ ni Ilojo Bar wà, ìdílé Fernandez ló kọ́ ọ ní 1855, ilé oúnjẹ àti ọtí ni wọ́n fi ṣe nígbà kan, ẹlẹgbẹ́ mi ni wọ́n! Láti 1956 ni wọ́n ti kéde ẹ̀ ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè. Wọ́n wó o ní September 11, 2016, Sọ́ńdè, ọjọ́ tó ṣáájú Iléyá. Ẹni tó bá fẹ́ wó ilé ní Èkó mọ ọjọ́ tí títì máa ń dá.

Ohun tí wọn kì í fi han àwọn olùbẹ̀wò ni kátọ́ọ̀nù. Ẹ gbójú sókè lágbègbè Bálógun, Ìdúmọ̀tà, títí wọ ọ̀dọ̀ wa báyìí, ẹ máa rí fèrèsé tí wọ́n fi pákó dí láti inú. Ẹrù ló wà níbẹ̀. Bàtà Ṣáínà, ṣájà fóònù, irun, bébà. Yàrá tí ìdílé ń san ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún lé, ọlọ́jà á san ìlọ́po mẹ́rin ẹ̀, kò ní dáná, kò ní lo omi, kò ní bímọ síbẹ̀, kò ní wá sọ pé òrùlé ń jò. Lánlọ́ọ̀dù wo ni kò ní gbà? Bí títì bá ṣe ń dáa sí i, tí iná ń tàn, tí tréènì ń kó èrò dé, bẹ́ẹ̀ ni kátọ́ọ̀nù ń wọlé tí èèyàn ń jáde. Ilé àtijọ́ sì ni, wọn ò kọ́ ọ fún ẹrù tọ́ọ̀nù mẹ́wàá. Lẹ́yìn tí ilé alájà mẹ́ta yẹn wó ní Ìta Fàájì ní March 13, 2019, tí àwọn ọmọ iléèwé wà lókè ẹ̀, wọ́n wá fi ọ̀dà pupa kọ X sára àwọn ilé ní gbogbo àdúgbò. Wọ́n kọ ọ́ sára tiwa náà. Lọ́jọ́ kẹta ẹnì kan ti fi ọ̀dà funfun kùn ún. Mi ò bi ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ àdúgbò ò gba owó ọ̀dà lọ́jọ́ yẹn.

Bàbá onílé kú ní 2024. Ọmọ wọn ọkùnrin tó ń gbé Lẹ́kí ló ń gba réǹtì báyìí, ọmọlúàbí ni, ó máa ń kí mi dáadáa. Ó sọ réǹtì ṣọ́ọ̀bù di mílíọ̀nù kan ààbọ̀. Mo dúró, mo bẹ̀bẹ̀, mo san án. Lẹ́yìn ẹ̀ ló wá sọ̀ ọ́ fún mi, ó ń fi kọ́kọ́rọ́ ṣeré lọ́wọ́:

"Àǹtí mi, yàrá Màmá Òkè yẹn, ẹ ò fẹ́ ẹ? Ẹ lè fi ṣe VIP, àwọn tó ń ya fọ́tò fẹ́ràn báńkónì."

"Màmá ńkọ́?"

"Ọmọ wọn ní Ìkòròdú ti ní kí wọ́n máa bọ̀ tipẹ́. Ẹbí náà ni wọ́n, mi ò lè lé wọn, àmọ́ ẹ rí i pé ọjọ́ ogbó ti dé, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn ò dáa fún wọn."

Kí n tó máa ṣe bíi mímọ́ níwájú yín: mo rò ó. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi rò ó. Mo ti fi ojú inú wo tábìlì mẹ́fà lórí báńkónì yẹn, mo ti mọ àwọ̀ tí màá kun ògiri. Báńkónì yẹn, afẹ́fẹ́ ọ̀sà ń débẹ̀ ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ ò ní fẹ́ dìde. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, màmá rán ọmọ kan wá ra ẹ̀kọ méjì, ó mú abọ́ àwo kan wá tó ti bó létí, abọ́ tí wọ́n ń gbé wá láti 2014. Mo bu ọbẹ̀ sí i. Láàárọ̀ mo pe ọmọ bàbá onílé, mo ní mi ò gba yàrá náà.

Ó ní kò burú, ẹlẹ́rù kan láti Bálógun ti ń béèrè ẹ̀.

Oṣù kan lẹ́yìn ẹ̀ ni mọ́tò wá gbé màmá lọ sí Ìkòròdú. Bẹ́ẹ̀dì, àpótí méjì, àwòrán Màríà kan nínú férémù. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e àwọn aláàárù ń gòkè tí wọ́n ń sọ̀ ní gbogbo ọ̀sán, kátọ́ọ̀nù lórí, wọ́n jẹ àmàlà níbi mi, wọ́n sì sanwó. Yàrá náà ti kún dé àjà. Tẹ́lẹ̀, tí mo bá wà lórí bẹ́ẹ̀dì mi, màá gbọ́ rédíò wọn, màá gbọ́ slípáàsì wọn tí wọ́n bá dìde lóru. Mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Èmi àti ìdílé kan lẹ́yìn ilé ló kù tó ń sùn níbẹ̀. Ọbẹ̀ alẹ́ mi ti fi ìdá kan nínú mẹ́ta dín kù, àwọn tó ń ya fọ́tò ń san án padà lọ́sàn-án, àkáǹtì mi ò mọ ìyàtọ̀.

Tí Gúdù Fúráìdé bá ti sún mọ́lé, màmá ló máa ń jókòó sí kíṣìnnì mi láti darí bí mo ṣe ń se frejon, ẹ̀wà dúdú tí wọ́n lọ̀ kúnná, omi àgbọn, ṣúgà, kí iná má pọ̀ jù o, rò ó, má dúró, rò ó, tìrẹ ń lẹ̀ mọ́dìí. Lọ́dún yìí fóònù ni wọ́n fi darí mi. Wọ́n ní àwọn ará Ìkòròdú ò mọ̀ ọ́n sè, wọ́n ń pè é ní gbẹ̀gìrì olóyìn. Tọ́sìdè tó ṣáájú ẹ̀ mo bu ti wọn sínú kúlà, mo se ẹja imoyo sí abọ́ mìíràn, mo di í dáadáa. Ọmọ-ọmọ wọn ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Marina, ọkọ̀ ojú omi ló máa ń wọ̀ padà sí Ìkòròdú. Ó yà gbé e ní aago mẹ́fà ààbọ̀, ó ń kánjú, ó ní ọkọ̀ ò ní dúró de òun, ó gbé kúlà lé èjìká, ó dà pọ̀ mọ́ àwọn tó ń lọ.

Tuesday tó tẹ̀ lé ọdún Àjíǹde ló dá kúlà padà. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n di ẹja gbígbẹ mẹ́rin sínú ẹ̀, ó ní màmá ní kí n má bínú, ìdérí ẹ̀ sán nínú ọkọ̀.